Orí Kẹfà: Owó àti Agbára nínú Ẹ̀rọ Géèmù

Ẹni tí báńkì bá gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe, kó tó wá ṣírò iye tí yóò ná wọn. Nídìí ẹ̀rọ géèmù, òdìkejì rẹ̀ ni. Iye tí òbí lè fà yọ lápò fún ohun ìṣeré ọmọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á wá máa wá ohun tí iye yẹn lè rà. Ní Amẹ́ríkà, 199 dọ́là ni Nintendo 64 nígbà tó jáde, 299 ni PlayStation àti PlayStation 2, 399 ni PlayStation 4. PlayStation 3 tó gun 599 lọ́dún 2006, ojú rẹ̀ rí màbo kó tó rọlẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó mú iṣẹ́ yìí le. Kọ̀ǹpútà tá a rà lónìí, a lè fi RAM kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ti ẹ̀rọ géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde ni yóò wà fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, torí àwọn tó ń kọ géèmù fọkàn sí i pé èyí tó wà ní Tokyo kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní London. Ohun tí wọ́n bá gbójú fò nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, inú gbogbo mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e ni yóò wà. Kò sí ẹ̀rọ géèmù tí kò ní ibi tó ti rọ. Ohun tí a ó máa wò nínú orí yìí ni ibi tí àwọn tó ṣe é ti gbà kó rọ, àti ẹni tó san owó rírọ̀ náà.

6.1 Ibi tí èrè ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ta ẹ̀rọ géèmù sí iye tí kò tó owó tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iSuppli tú PlayStation 3 palẹ̀ lọ́dún 2006, wọ́n ṣírò pé àwọn ohun tó wà nínú èyí tó ní hard disk 60 GB àti owó títò ó pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 840 dọ́là. 599 ni Sony ń tà á. Ní ilé ẹjọ́ ní Oakland ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Lori Wright tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Xbox sọ fún adájọ́ pé Microsoft kò jèrè rí lórí títa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Inú géèmù ni wọ́n ti ń kó owó wọn padà. Gbogbo géèmù tí wọ́n bá tà, yálà ilé iṣẹ́ wọn ló kọ ọ́ tàbí ẹlòmíì, wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé dọ́là 10 ni ìpín náà lórí géèmù kan: ẹ̀rọ tí wọ́n fi dọ́là 241 tà ní àdánù gbọ́dọ̀ rí oníbàárà tí yóò ra géèmù 25 kí ilé iṣẹ́ tó kúrò nínú gbèsè lórí rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí kò ra géèmù jẹ́ àdánù gidi. (Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwo PlayStation 2 tó wà lórí àtẹ ti jẹ́ ayédèrú, a jẹ pé ìdajì ètò náà nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa: ẹ̀dínwó orí ẹ̀rọ.) Nintendo kì í sábà tọ ọ̀nà yìí. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ náà mú èrè tirẹ̀ wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó fà á tí àwọn ẹ̀rọ wọn kan fi ní agbára tó kéré sí ti àwọn tó kù.

6.2 Famicom: ohun tí kílóbáìtì 2 lè ṣe

Ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983 ni Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan, ní 14,800 yen. Ẹ̀rọ yìí náà ni Amẹ́ríkà mọ̀ sí NES. Hiroshi Yamauchi, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún Masayuki Uemura. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tí kò wọ́n, síbẹ̀ tí àwọn tó ń bá a díje kò ní lè ṣe irú rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹni tó bá gbọ́ àṣẹ méjèèjì yìí pọ̀ á mọ̀ pé wọ́n ń bá ara wọn jà.

Ricoh ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdàwékọ ni a mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe chip, iṣẹ́ kò sì kún ibẹ̀. Yamauchi ṣèlérí pé òun yóò ra chip mílíọ̀nù mẹ́ta, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá Famicom yóò tà. Ìlérí yẹn ló fa iye chip wálẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń fẹ́ fo ibí yìí kọjá. Ẹ má fò ó.

Ọpọlọ ẹ̀rọ náà wá láti ara 6502, chip tí MOS Technology ti ń tà ní dọ́là 25 láti ọdún 1975. Ó ti pẹ́ lọ́jà, ó kéré, kò sì gba àyè púpọ̀ lórí sílíkọ́nì, débi pé Ricoh rí àyè kó ẹ̀ka tó ń ṣe ohùn pọ̀ mọ́ ọn sórí chip kan náà. Páàdì méjèèjì, inú ẹ̀rọ ni wọ́n so okùn wọn mọ́ pátápátá. Kò sí ibi tí a ti ń fà á yọ, torí ihò tí a ń ki okùn bọ̀ náà ní iye tirẹ̀. Bí okùn bá já, ẹni tó ni ín yóò tú ẹ̀rọ. Ìyẹn ni owó àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kúrò lọ́rùn ara wọn sọ́rùn oníbàárà.

Ìrántí ẹ̀rọ ló wọ́n jù láyé ìgbà náà. Kílóbáìtì 2 ni wọ́n fún ọpọlọ ẹ̀rọ láti fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì ya kílóbáìtì 2 mìíràn sọ́tọ̀ fún àwòrán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ojú tẹlifíṣọ̀n ń béèrè. Àwòrán Famicom jẹ́ píksẹ́lì 256 ní ìbú, 240 ní òró, ìyẹn píksẹ́lì 61,440. Ká ní bíìtì 2 péré la fẹ́ fi sọ àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, báìtì 15,360 la nílò kí ojú kan tó lè wọ inú ìrántí. Báìtì 2,048 ni Uemura ní.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé ẹ̀rọ náà kò tọ́jú odidi àwòrán rárá. Àwòrán kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 8 níbùú àti 8 lóròó, ni wọ́n kó sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó ń sọ èyí tó yẹ kó wà níbi kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà nínú ìrántí. Aládìrẹ Abẹ́òkúta mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa: páànù tó gé bátànì sí ni yóò gbé lé aṣọ láìmọye ìgbà, tí yóò máa fi ẹ̀kọ kùn ún, láìfọwọ́ ya bátànì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tẹlifíṣọ̀n gba àwòrán kékeré 32 níbùú àti 30 lóròó, ìyẹn 960. Báìtì 64 tó ń sọ àwọ̀ kún un, ó di 1,024 géérégé. Kílóbáìtì 2 gba irú ojú bẹ́ẹ̀ méjì, kí èkejì lè máa wọlé bọ̀ bí èkíní ṣe ń jáde lọ nígbà tí eré bá ń sún síwájú. Báìtì 64 kò sì lè tó fún 960, torí náà àwòrán mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ lò. Ẹni tó bá fẹ́ ya igi tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀run aláwọ̀ mìíràn ní láti ṣètò rẹ̀ dáadáa.

Super Mario Bros. tó jáde lọ́dún 1985 kò ju kílóbáìtì 40 lọ, 32 fún ètò rẹ̀, 8 fún àwòrán. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé àwòrán kan náà ni ìkùukùu tó wà lókè àti igbó kékeré tó wà nílẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà, funfun fún òkè, àwọ̀ ewé fún ilẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó fi gbogbo ìgbà èwe wọn gbá géèmù yìí tí wọn kò kíyè sí i.

Ti àwọn ohun tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè gbé 64 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí ó bá ju 8 lọ lórí ìlà kan, ìkẹsàn-án kò ní hàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí ìlà ń gba ẹ̀ka tirẹ̀ lórí chip, àyè orí chip sì ni owó. Kí ohun kan má baà pòórá pátápátá, àwọn tó ń kọ géèmù máa ń yí ipò wọn padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èyí yóò fara hàn nísinsìnyí, tí èyí yóò fara hàn tẹ̀ lé e. Bí àwọn ọ̀tá bá pọ̀ lójú kan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìrìwìrì, owó tí Nintendo kò ná ni ojú wa ń rí.

Ohun tí mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú ẹ̀rọ yìí wà ní ẹnu ibi tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Àwọn wáyà tó ń lọ sí ẹ̀ka àwòrán jáde síbẹ̀ gbangba, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì lè gbé chip tirẹ̀ wá láti fi kún agbára ẹ̀rọ. Super Mario Bros. 3 ti ọdún 1988 gbé chip tí wọ́n ń pè ní MMC3 wá, ó sì gba kílóbáìtì 384, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́, lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún 1983. Ẹni tó fẹ́ géèmù ńlá ló san owó agbára ńlá. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ kò san kọ́bọ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ló padà dá Nintendo lóró. Nígbà tí Nintendo 64 jáde lọ́dún 1996, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣì ń lò, nígbà tí PlayStation ti ń lo CD tí títẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n rárá, tó sì ń gba nǹkan bí megabáìtì 650. Ilé iṣẹ́ Square tó ń kọ géèmù kó géèmù Final Fantasy VII rẹ̀ lọ bá Sony. Lọ́dún 1997, CD mẹ́ta ló gbé e.

6.3 Ohun tó ń dínwó àti ohun tí kì í dínwó

Iye tí ẹ̀rọ géèmù náni lọ́jọ́ tó jáde kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Iye tí yóò náni lọ́dún kẹrin rẹ̀ ni. Bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe chip bá ṣe ń tẹ̀síwájú, chip kan náà á máa kéré sí i, àwo sílíkọ́nì kan á sì máa bí púpọ̀ sí i. Lọ́dún 2000, ọpọlọ PlayStation 2 àti chip àwòrán rẹ̀ jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó yá, Sony pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, ẹ̀rọ náà sì fúyẹ́ dé ibi tó fi di pẹlẹbẹ. 299 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó di 199 lọ́dún 2002, ó di 99 lọ́dún 2009, iye tó sì tà kọjá mílíọ̀nù 155.

Microsoft gbé Xbox jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, 299 dọ́là lòun náà. Agbára rẹ̀ ju ti PlayStation 2 lọ, ó sì ní hard disk 8 GB nínú, ohun tí ẹ̀rọ géèmù kankan kò tíì gbé wá bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ hard disk ní ẹ́ńjìnnì tó ń yí i, ó ní àwo, ó ní apá tó ń kàwé lórí àwo, ó ní àpótí irin. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, owó kan náà yóò ra èyí tó ń gba nǹkan púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí iye èyí tó kéré jù kò ní rọ̀ kọjá. Ọpọlọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Intel, chip àwòrán láti ọ̀dọ̀ Nvidia, odindi ni wọ́n sì ń rà á. Microsoft kò ní àṣẹ lórí àwòrán iṣẹ́ chip wọ̀nyí, kò lè pa wọ́n pọ̀, kò lè gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tó dínwó. Òun àti Nvidia tiẹ̀ dé iwájú onílàjà lórí iye chip. Nígbà tí PlayStation 2 rọlẹ̀ sí 199 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, Xbox gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tó jáde. Owó títà ń sáré rọlẹ̀, owó ṣíṣe dúró sójú kan.

Lórí Xbox 360, wọ́n ti kọ́gbọ́n. Wọ́n gba àṣẹ àwòrán iṣẹ́ chip lọ́wọ́ IBM àti ATI, nígbà tó sì di ọdún 2010, wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n ta ọ̀kan láìsí hard disk ní 299 dọ́là lọ́dún 2005. Ẹ kíyè sí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀: ohun tí kò bá sí nínú gbogbo ẹ̀rọ, bí ẹni pé kò sí nínú ọ̀kankan ni, torí akọ̀wé géèmù kò lè gbọ́kàn lé e. Gbogbo ẹni tó san owó hard disk kò rí i lò tó bó ṣe yẹ. Ibòmíì ni wọ́n tún ti fowó pamọ́ tó wá di ọ̀rọ̀. Ooru inú ẹ̀rọ náà ń ba àwọn ìsopọ̀ chip inú rẹ̀ jẹ́, iná pupa mẹ́ta á sì tàn. Ní oṣù Keje ọdún 2007, Microsoft fa àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ gùn sí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ya ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún un.

6.4 Àbùkù tí wọ́n fàyè gbà

Cell, ọpọlọ PlayStation 3 tí Sony, Toshiba àti IBM jọ ṣe, ní ọpọlọ kékeré mẹ́jọ tó ń ran èyí tó tóbi lọ́wọ́. Méje péré ni PlayStation 3 ń lò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ìkẹjọ.

Àpẹẹrẹ ìṣirò. Ká ní àwo sílíkọ́nì kan jẹ́ 5,000 dọ́là, tó sì gba chip 250. Eruku tín-ín-tín tó bá bọ́ sórí chip nígbà tí wọ́n ń ṣe é lè bà á jẹ́. Ká ní 125 ló jáde láìlábùkù: chip kan jẹ́ 40 dọ́là. Ká tún ní 50 nínú àwọn tó kù, ọpọlọ kékeré kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lára wọn. Bí a bá gbà pé méje tó, chip tó wúlò di 175, iye ẹyọ kan sì di dọ́là 28 àti sẹ́ńtì 57. Lórí ẹ̀rọ mílíọ̀nù 10, ohun tó lé ní mílíọ̀nù 114 dọ́là ló dúró sápò.

Ọgbọ́n yìí ti di àṣà. PlayStation 4 ní ẹ̀ka àwòrán 20 lórí chip, 18 ló ń lò. Xbox Series X ní 56, ó ń lo 52.

Bẹ́ẹ̀ sì ni agbára tí èèyàn kò lè lò, òfò ni. Cell ṣòroó kọ géèmù fún, ìrántí PlayStation 3 sì pín sí megabáìtì 256 lọ́nà méjì tí ọ̀kan kò lè fi tirẹ̀ yá èkejì bó ṣe wù ú. Lọ́dún 2006 kan náà tí PlayStation 3 jáde, Nintendo gbé Wii jáde ní 249 dọ́là pẹ̀lú ọpọlọ tó jẹ́ àbúrò tààrà sí ti GameCube ọdún 2001. Ó ta ju mílíọ̀nù 100 lọ, ó sì gba iwájú PlayStation 3. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé agbára kò já mọ́ nǹkan. N kò gbà. Wii U tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà lọ́dún 2012, kò tà tó mílíọ̀nù 14. Owó tí Wii kò ná sórí chip, ọ̀pá tí èèyàn ń jù bí ẹni ń gbá tẹ́níìsì ni wọ́n ná an lé, gbogbo ẹni tó wọlé ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

6.5 Ìrántí lẹ́ẹ̀kan sí i: ọdún 2013

PlayStation 4 àti Xbox One jáde ní oṣù kan náà, ọ̀dọ̀ AMD ni àwọn méjèèjì ti ra chip, ìrántí 8 GB sì ni wọ́n ní. Microsoft ti pinnu tipẹ́ pé 8 GB lòun fẹ́, ó sì yan irú ìrántí tí wọ́n ń pè ní DDR3, tí kò wọ́n, tí kò sì yára: 68 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti dí àlàfo náà, wọ́n fi megabáìtì 32 ìrántí tó yára gan-an sórí chip fúnra rẹ̀. Sony fọwọ́ lé GDDR5 tó wọ́n, 176 GB ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé géèmù ti rò pé 4 GB ni Sony yóò lè rà. Oṣù Kejì ọdún 2013 ni wọ́n gbọ́ pé 8 ni.

Níbi chip ni ìyàtọ̀ ti hàn. Ti Sony fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà onígun mẹ́rin 348, ti Microsoft 363. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ẹ̀ka àwòrán 18 ló ń ṣiṣẹ́ nínú ti Sony, 12 nínú ti Microsoft, torí pé megabáìtì 32 náà ti jókòó sí àyè ìyókù. Ìrántí tí kò wọ́n ni Microsoft rà, àmọ́ àyè orí chip ni wọ́n fi san án. Wọ́n tún fi kámẹ́rà Kinect kún un, ó di 499 dọ́là, nígbà tí Sony ń ta tirẹ̀ ní 399. Oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni wọ́n yọ Kinect kúrò kí iye méjèèjì tó dọ́gba.

6.6 Nígbà tí chip kò dínwó mọ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ dúró lórí pé chip tó kéré ni chip tó dínwó. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà ṣe chip ti wọ́n débi pé iye àwo sílíkọ́nì kan ń gbé èrè kíkéré rẹ̀ mì. PlayStation 5 jáde ní 499 dọ́là lọ́dún 2020. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó di 549. Xbox Series X tóun náà bẹ̀rẹ̀ ní 499 di 599 ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Owó orí ọjà tó ń wọ Amẹ́ríkà àti ọ̀wọ́n gógó ọjà lápapọ̀ dá sí i, ṣùgbọ́n irú ẹ̀dínwó tó gbé PlayStation 2 dé 99 dọ́là kò sí nílẹ̀ mọ́.

Microsoft ti rí i ṣáájú. Láti ọjọ́ kìíní lọ́dún 2020 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ méjì jáde: Series X, àti Series S tó jẹ́ 299 dọ́là, tó ní ẹ̀ka àwòrán 20 àti ìrántí 10 GB dípò 16. Wọ́n ní kí gbogbo géèmù ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Lọ́dún 2023, Larian Studios ti parí Baldur's Gate 3 fún PlayStation 5, ṣùgbọ́n wọn kò rí i ṣe kí èèyàn méjì lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan gbá a lórí Series S. Oṣù Kejìlá ló tó dé Xbox, láìsí pípín ojú náà lórí Series S.

Ìdánrawò

1. Àwòrán kan jẹ́ píksẹ́lì 320 níbùú àti 224 lóròó, bíìtì 4 ló sì ń sọ àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Báìtì mélòó ni odidi ojú kan? Bí a bá lo àwòrán kéékèèké 8 sí 8, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 2, báìtì mélòó la nílò?

2. Tún ìṣirò 6.4 ṣe pẹ̀lú àwo sílíkọ́nì tó jẹ́ 9,000 dọ́là, tí chip 100 nínú 250 jáde láìlábùkù, tí 60 mìíràn sì ní àbùkù sára ọpọlọ kékeré kan ṣoṣo. Ká ní 16 nínú 60 náà, àbùkù ọ̀hún wà lára ọpọlọ ńlá. Kí ni yóò yí padà?

3. Game Boy ọdún 1989 kò ní àwọ̀, bátìrì 4 ló ń lò. Game Gear tí Sega gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọ̀, bátìrì 6 ló ń lò, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tán. Ta ló ń san owó àwọ̀ Game Gear, ìgbà wo ló sì ń san án?

4. Ilé iṣẹ́ kan fún ọ ní 250 dọ́là láti fi ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ géèmù kan. Kọ ohun mẹ́ta tí o retí pé iye wọn yóò rọlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, àti mẹ́ta tí kò ní rọlẹ̀, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.